Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ọ̀tẹ̀ owó-orí ọdún 1381 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹni tó bá ń gbé Dartford tàbí Peckham, tó sì máa ń gba òpópónà A2 àti Old Kent Road wọ àárín London, ojú ọ̀nà ọlọ́tẹ̀ ló ń tọ̀ láìmọ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1381, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbẹ̀, káfíńtà, apọntí àti aránṣọ gba ibẹ̀ bọ̀ láti Canterbury. Wọ́n tẹ̀dó sórí pápá Blackheath, nígbà tó sì di ọjọ́ kejì wọ́n ti wọ ìlú. Àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ ìtàn yìí nílé-ìwé máa ń gbé ìbéèrè rẹ̀ wálé. Ohun tí mo ti ń sọ fún àwọn tèmi nídìí oúnjẹ alẹ́ ni mo kọ síbí, mo kàn fẹ̀ ẹ́ ni.

Ta ni wọ́n ń pè ní villein? Ṣé ẹrú ni, àbí ìwọ̀fà?

Méjèèjì jọ ọ́, kò sì sí èyí tó bá a mu tán. Ìwọ̀fà, owó tí wọ́n yá ló ń sìn. Ọjọ́ tí wọ́n bá san owó náà tán, ó yọ. Villein kò jẹ ẹnikẹ́ni lówó. Wọ́n bí i síbẹ̀ ni, bí wọ́n ṣe bí bàbá rẹ̀. Ó ní ilé, ó ní màlúù, ó ní oko tó ń dá fún ara rẹ̀, ìyẹn ló fi yàtọ̀ sí ẹrú. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló dè é: bí onílẹ̀ bá ta ilẹ̀ náà, tòun ti ẹbí rẹ̀ ni wọ́n jọ ń lọ sọ́wọ́ ẹni tó rà á.

Ọjọ́ méjì mẹ́ta lọ́sẹ̀, oko onílẹ̀ ló máa wà, láìgbowó. Tó bá di ìgbà ìkórè, iye ọjọ́ náà á lé sí i, gẹ́gẹ́ ìgbà tí ọkà tirẹ̀ náà ń gbó. Kò gbọ́dọ̀ kó kúrò lábúlé láìgbàṣẹ. Kò gbọ́dọ̀ lọ ọkà rẹ̀ níbòmíràn yàtọ̀ sí ilé ọlọ onílẹ̀, tí wọ́n á ti bu tiwọn nínú ìyẹ̀fun náà. Tó bá kú, ẹran ọ̀sìn tó dára jù nínú agbo rẹ̀, onílẹ̀ á ti mú un kí àwọn ọmọ tó pín ogún. Èyí tó wá máa ń jọ mí lójú jù ni ti ìgbéyàwó. Lọ́dọ̀ tiwa, wọ́n ń gbé owó orí ìyàwó wá sílé bàbá ìyàwó. Lọ́dọ̀ wọn, tí ọmọbìnrin villein bá fẹ́ lọ sílé ọkọ, ẹbí rẹ̀ ló máa sanwó fún onílẹ̀ kó tó lọ.

Ọ̀rọ̀ tó bá dìde láàárín òun àti onílẹ̀ lórí oko rẹ̀, kóòtù onílẹ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ. Akọ̀wé á jókòó, á kọ ọ́ sórí awọ: ta ló jẹ iye ọjọ́ iṣẹ́, ta ni wọ́n bu owó ìtanràn lé, ọmọ ta ló jẹ́ villein láti ìran bàbá rẹ̀. Wọ́n á ká awọ náà, wọ́n á tì í mọ́ àpótí. Ẹ fi àwọn awọ yìí sọ́kàn, a óò padà bá wọn.

Kì í ṣe gbogbo àgbẹ̀ ló wà nínú ìdè yìí. Àwọn olómìnira wà nínú wọn. Ní Kent gan-an, àṣà ilẹ̀ wọn ni pé kò sẹ́ni tí wọ́n ń bí ní villein níbẹ̀ rárá, wọn kì í sì í fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré.

Kí ni àjàkálẹ̀ àrùn tí wọ́n ń pè ní Black Death yí padà?

Ó yí ẹni tó ń bẹ ẹni padà.

Kí àrùn náà tó dé, èèyàn ló pọ̀ ju ilẹ̀ lọ. Ní nǹkan bí ọdún 1300, iye èèyàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ju mílíọ̀nù mẹ́rin lọ. Oko há, owó ọ̀yà kò tó nǹkan, nítorí bí o bá kọ iṣẹ́, ẹni tó máa gbà á ti dúró lẹ́yìn rẹ. Láti 1315 dé 1317 òjò rọ̀ títí irúgbìn fi jẹrà nínú oko, ìyàn sì mú káàkiri. Ní 1348, nínú oṣù kẹfà, àrùn náà gba èbúté kan ní Dorset wọlé. Nígbà tí 1349 fi máa parí, ìdá kan nínú mẹ́ta sí ìdajì àwọn èèyàn ilẹ̀ náà ti lọ. Ó tún padà wá ní 1361, àwọn ọmọdé ló sì kó jù lọ́tẹ̀ yìí.

Àwọn tó kọ ìtàn sílẹ̀ nígbà náà ní àgùntàn àti màlúù ń rìn gbéregbère nínú ọkà tó ti gbó, kò sẹ́ni tó máa lé wọn, kò sẹ́ni tó máa kórè. Ilé wà tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀. Ilẹ̀ tí èèyàn mẹ́wàá ń du tẹ́lẹ̀ wá dùbúlẹ̀ láìní olóko. Ẹni tó bá ṣẹ́kù wá rí i pé apá òun ti di ọjà olówó iyebíye. Bí onílẹ̀ kan kò bá san án dáadáa, abúlé kejì wà níbẹ̀, wọn kò sì ní bi í léèrè ibi tó ti wá.

Wọn ò kàn lè fi òfin dá owó ọ̀yà dúró, àbí?

Wọ́n gbìyànjú ẹ̀. Ní 1349 Ọba Edward III pàṣẹ, ní 1351 ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin sọ ọ́ di òfin gidi pé kí owó ọ̀yà padà síbi tó wà kí àrùn tó dé. Wọ́n to iye náà lẹ́sẹẹsẹ. Ẹni tó ń sá koríko fún ẹran, pẹ́ńnì kan lójúmọ́. Ẹni tó ń gé e, pẹ́ńnì márùn-ún. Ọ̀gá káfíńtà, pẹ́ńnì mẹ́ta. Ọ̀gá àwọn tó ń fi òkúta kọ́lé, mẹ́rin. (Pẹ́ńnì 12 ni ṣílè kan, ṣílè 20 ni pọ́n-ùn kan. Àwọn àgbà wa tó ti ná tọ́rọ́ àti sísì kí náírà tó dé ní 1973 kò nílò àlàyé yìí.)

Òfin náà kò fi mọ síbẹ̀. Ó ní kí òṣìṣẹ́ gbé irinṣẹ́ rẹ̀ dání ní gbangba lọ sí ìlú tí ọjà wà, kí wọ́n sì gbà á síṣẹ́ níbi tí gbogbo ayé ti rí i, kó má baà bá ẹnikẹ́ni dúnàádúrà ní kọ̀rọ̀. Ẹ wò ó bí ẹni tó dúró sí oríta láàárọ̀ kùtù tòun ti dòjé ọwọ́ rẹ̀, tí wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò lókè nílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń mú un búra pé òun kò ní gba ju iye yẹn lọ. Tó bá kọ̀, àbà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ, irú èyí tí wọ́n kan mọ́ ẹsẹ̀ Pọ́ọ̀lù àti Sílà nínú Bíbélì, òfin sì pàṣẹ pé kí ìlú kọ̀ọ̀kan kan tirẹ̀ sílẹ̀.

Ta ló kọ́kọ́ rú òfin náà? Àwọn onílẹ̀ fúnra wọn. Bí ọkà bá ti gbó, tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí òjò dé, ta ló máa rántí òfin? Wọ́n á san pẹ́ńnì tí ìjọba fọwọ́ sí nínú ìwé, wọ́n á fi oúnjẹ, aṣọ tàbí owó abẹ́ tábìlì lé e. Àmọ́ nígbà tí ẹjọ́ bá dé, òṣìṣẹ́ ni wọ́n sábà máa ń mú.

Ní 1363 wọ́n tún ṣòfin aṣọ: awakọ̀ ẹran àti atúlẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ ju aṣọ irun àgùntàn tó le gbàgìdì, tí owó rẹ̀ kò ju pẹ́ńnì 12 lọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi wọ́gi lé òfin yẹn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fi òfin de ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Wọ́n ti rí atúlẹ̀ tó wọ aṣọ dáadáa, ó sì ń dùn wọ́n.

Owó-orí yẹn ńkọ́? Èló ni?

Orúkọ tí wọ́n pè é kò yàtọ̀ sí tiwa: poll nínú èdè wọn àtijọ́, orí ni. Owó-orí gan-an ni.

Ogun pẹ̀lú ilẹ̀ Faransé ló ń jẹ owó. Ogun náà ti ń lọ láti 1337, ní àsìkò yìí kò sì dára fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Ọkọ̀ ojú omi ọ̀tá sun Rye ní 1377, wọ́n wọ odò Thames sun Gravesend ní 1380. Èèyàn ń sanwó ogun, ogun sì ń bá a nílé.

Ní 1377 wọ́n gba pẹ́ńnì mẹ́rin lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ti ju ọmọ ọdún 14 lọ. Ní 1379 wọ́n fi ipò pín in, ọlọ́lá san púpọ̀, mẹ̀kúnnù san pẹ́ńnì mẹ́rin. Ìyẹn ṣì mọ́gbọ́n wá. Ní ìparí 1380 ni ilé ìgbìmọ̀ jókòó ní Northampton, tí wọ́n sì gbé èyí tó burú jáde: pẹ́ńnì 12 lórí ẹnikẹ́ni tó bá ti ju ọmọ ọdún 15 lọ, ọkùnrin àtobìnrin. Wọ́n ní kí olówó ìlú kọ̀ọ̀kan ran tálákà ìlú rẹ̀ lọ́wọ́. Níbi tí olówó bá wà, ó dáa. Abúlé tí kò ní olówó kankan ńkọ́? Pẹ́ńnì 12 géérégé ni fún olúkúlùkù.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀yà tí òfin 1351 fọwọ́ sí ṣírò ẹ̀. Ẹni tó ń sá koríko máa ṣiṣẹ́ ọjọ́ 12 kó tó san ti orí ara rẹ̀ nìkan. Tó bá ní ìyàwó àti ọmọ méjì tó ti dàgbà, ó di ọjọ́ 48. Òótọ́ ni pé owó tí wọ́n ń gbà ní ti gidi ti ju ti òfin lọ, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ ọ́ di owó kékeré.

Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n fi èèyàn pamọ́. Ní 1377, àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé owó-orí ju 1,350,000 lọ. Ní 1381, wọn kò tó 900,000. Àrùn kankan kò pa irú èèyàn bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún mẹ́rin yẹn. Ìyá àgbà opó, àbúrò obìnrin tí kò tíì lọ́kọ, ọmọ ọ̀dọ̀: abúlé pátá ló gbàgbé orúkọ wọn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìjọba rí i pé iye náà kò bọ́ sí i, wọ́n rán àwọn aṣèwádìí jáde nínú oṣù kẹta láti lọ ka orí èèyàn lẹ́ẹ̀kejì.

Ibo ni iná ọ̀hún ti ràn?

Brentwood, ní Essex, lọ́jọ́ 30 oṣù karùn-ún 1381. John Bampton jókòó síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí aṣojú ìjọba, ó ránṣẹ́ pe àwọn ará Fobbing, abúlé apẹja àti àgbẹ̀ létí Thames. Ẹ gbọ́ èsì wọn, bí òpìtàn ìgbà náà ṣe kọ ọ́: àwọn ti san, àwọn sì ní rìsíìtì, Bampton yìí kan náà ló fún àwọn. Bampton ní kí wọ́n mú wọn. Ẹ̀ṣọ́ méjì péré ló bá a wá, àwọn tó dúró níwájú rẹ̀ sì ju 100 lọ. Ó sá padà sí London. Adájọ́ àgbà Robert Bealknap wá lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan láti fìyà jẹ wọ́n. Òun náà, Bíbélì ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ tí wọ́n ní kó búra pé òun kò ní jókòó sórí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ láéláé.

Ní Kent, ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan ní Gravesend ló dá a sílẹ̀. Wọ́n wá mú un lórúkọ Sir Simon Burley, ẹni ọba, pé villein òun tó sá lọ ni. Àwọn ará ìlú bẹ̀bẹ̀, wọ́n ní èló ni ká san? Wọ́n ní £300. Tí ẹ bá fi ọ̀yà ọ̀gá káfíńtà ṣírò rẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ 24,000 nìyẹn, ju ọdún 65 lọ láìsinmi ọjọ́ kan. Wọ́n jù ú sí àjà ilẹ̀ nínú ààfin olódi Rochester. Lọ́jọ́ 6 oṣù kẹfà, àwọn èèyàn dé Rochester, wọ́n sì tú u sílẹ̀.

Láti ibẹ̀, Maidstone, níbi tí Wat Tyler ti di ọ̀gá wọn. Wọ́n tú John Ball náà sílẹ̀ lẹ́wọ̀n, àlùfáà tí ṣọ́ọ̀ṣì ti lé, tó ń wàásù káàkiri pé nígbà tí Ádámù ń roko, tí Éfà ń ran òwú, ta ni ọlọ́lá nígbà náà? Lọ́jọ́ 10, Canterbury. Lọ́jọ́ 12, wọ́n ti rin nǹkan bí máìlì 50 dé Blackheath. Ẹni tí wọ́n bá pàdé lójú ọ̀nà, wọ́n á bi í pé, "Ọ̀dọ̀ ta lo wà?" Ó gbọ́dọ̀ dáhùn pé, "Ọ̀dọ̀ Ọba Richard àti gbogbo mẹ̀kúnnù olóòótọ́." Ọba kọ́ ni wọ́n ń bá jà, lójú tiwọn. Àwọn tó yí i ká ni.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ìwé ni wọ́n ń sun?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù nìyí, òun náà sì ni àwọn tó ń sọ pé òpònú tínú ń bí làwọn ọlọ́tẹ̀ náà kì í dáhùn.

Ibi gbogbo tí wọ́n dé, Essex o, Kent o, Norfolk o, ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè. Awọ kóòtù onílẹ̀, ìwé owó-orí, ìwé adájọ́. Wọ́n á gbé wọn síta, wọ́n á to wọ́n jọ, wọ́n á tiná bọ̀ ọ́. Ẹni tí kò mọ̀wé kò ṣàìmọ ohun tí ìwé ń ṣe fún un. Awọ yẹn ló sọ pé bàbá rẹ̀ jẹ́ villein; bí awọ bá jóná, ta ló máa jẹ́rìí? Adájọ́ á béèrè ẹ̀rí, eérú ni wọ́n á bá níbẹ̀. Mo ka ìyẹn sí iṣẹ́ agbẹjọ́rò, iná ni wọ́n kàn fi ṣe é.

Ní Cambridge, níbi tí àwọn ará ìlú ti ń bínú sí yunifásítì lórí ẹ̀tọ́ àti ilẹ̀, wọ́n kó ìwé yunifásítì sí àárín ọjà, wọ́n sun ún. Obìnrin arúgbó kan, Margery Starre, bu eérú náà, ó ń fẹ́ ẹ sínú afẹ́fẹ́, ó ń pariwo pé kí ìmọ̀ àwọn akọ̀wé máa lọ, kó máa lọ!

Ti St Albans ló wọ̀ mí lára jù. Àwọn mọ́ńkì ló ni ìlú náà, ilé ọlọ wọn sì ni gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ máa lò. Àwọn ará ìlú ní ọlọ kékeré nínú ilé tí wọ́n ń fọwọ́ yí, ọlọ òkúta roboto. Nǹkan bí 50 ọdún ṣáájú, olórí àwọn mọ́ńkì, Richard ti Wallingford, gba àwọn ọlọ náà lọ́wọ́ wọn, kò wá fọ́ wọn, kò jù wọ́n nù. Ó fi wọ́n tẹ́ ilẹ̀ yàrá àlejò ilé àwọn mọ́ńkì. Gbogbo ìgbà tí ará ìlú bá lọ bẹ̀bẹ̀ níbẹ̀, ọlọ ìyá rẹ̀ ló ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ wọlé. Ní oṣù kẹfà 1381, William Grindecobbe àtàwọn èèyàn rẹ̀ wọlé, wọ́n hú àwọn òkúta náà kúrò nílẹ̀, wọ́n fọ́ wọn sí wẹ́wẹ́, wọ́n sì pín in fún ara wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí búrẹ́dì tí àlùfáà bùkún lọ́jọ́ Ìsinmi. Olúkúlùkù gbé tirẹ̀ relé.

Àwọn ìwé tí wọ́n sun ní ìlú yẹn pọ̀ gan-an. Ó sì yani lẹ́nu pé wọ́n ń béèrè ìwé mìíràn lẹ́yìn rẹ̀: ìwé àṣẹ láéláé kan tí wọ́n gbà pé ọba àtijọ́ ti fún ìlú, tí àwọn mọ́ńkì gbé pamọ́. Wọn kò kórìíra ìwé. Wọ́n fẹ́ èyí tó máa gbè wọ́n ni.

Ṣé àwọn tí ebi ń pa ló dìde?

Rárá o. Ìran tó jẹ ìyàn 1315 kò ṣe irú ọ̀tẹ̀ yìí. Àwọn ọmọ ọmọ wọn tó ń jẹ ẹran, tó ń gba owó ọ̀yà tó sàn, ló ṣe é. Tí ẹ bá wo orúkọ àwọn tí wọ́n gbé lọ sílé ẹjọ́ lẹ́yìn náà, púpọ̀ nínú wọn ti ṣe olórí abúlé rí, tàbí kọ́ńsítébù, tàbí ẹni tó ń tọ́ ọtí wò fún abúlé. Àwọn tó mọ bí nǹkan ṣe ń lọ, tó tiẹ̀ ti bá ìjọba gba owó-orí kan náà rí. Ọwọ́ wọn ti ń tó ẹnu, wọ́n sì rí i pé ẹnì kan ń fa ọwọ́ náà padà.

Àwọn obìnrin wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Johanna Ferrour, láti Kent: ìwé ilé ẹjọ́ pè é ní olórí àwọn ọlọ́tẹ̀, wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó wà lára àwọn tó sun ààfin Savoy ní London, pé ó kó àpótí wúrà tó tó £1,000 sínú ọkọ̀ ojú omi níbẹ̀, àti pé òun ló pàṣẹ kí wọ́n bẹ́ orí Áṣíbíṣọ́ọ̀bù Canterbury.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní London gan-an?

Ọjọ́ mẹ́ta ni. Ọjọ́bọ̀ 13 oṣù kẹfà: Ọba Richard II, ọmọ ọdún 14, wọ ọkọ̀ ojú omi wá bá wọn lọ́nà Greenwich, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn tó bá a wá rí èrò tó wà létí omi, wọ́n yí ọkọ̀ padà. Àwọn kan ṣí afárá London sílẹ̀ fún àwọn ọlọ́tẹ̀ láti inú ìlú. Àwọn ọlọ́tẹ̀ lọ tààrà sí Savoy, ààfin John ti Gaunt, àbúrò bàbá ọba tí wọ́n gbà pé ó ń jẹ ìlú run. Wọ́n fọ́ fàdákà, wọ́n ya aṣọ olówó ńlá, wọ́n jù wọ́n sínú Thames. Wọ́n ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ jí nǹkan. Nígbà tí wọ́n rí ẹnì kan tó fi àwo fàdákà sábẹ́ aṣọ, wọ́n ju òun náà sínú iná. Ẹ fi ìyẹn ti ẹ̀sùn Johanna, kí ẹ rí i bí ọ̀rọ̀ náà kò ṣe mọ́ tónítóní.

Ọjọ́ Ẹtì: ọba pàdé wọn ní Mile End. Wọ́n ní kí ìdè villein tán, kí ilẹ̀ jẹ́ pẹ́ńnì mẹ́rin fún éékà kan lọ́dún. Ọba gbà, nǹkan bí 30 akọ̀wé sì jókòó tí wọ́n ń kọ ìwé òmìnira fún àwọn ìlú, pẹ̀lú òǹtẹ̀ ọba. Lásìkò yẹn kan náà, àwọn mìíràn wọ Tower of London. Wọ́n fa Simon Sudbury jáde, Áṣíbíṣọ́ọ̀bù Canterbury tó tún jẹ́ Chancellor, pẹ̀lú Robert Hales akápò ìjọba, wọ́n bẹ́ wọn lórí ní Tower Hill.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Smithfield. Wat Tyler gun ẹṣin kékeré lọ bá ọba, ó gbá a lọ́wọ́ mú, ó pè é ní arákùnrin. Ohun tó béèrè ti pọ̀ ju ti àná lọ: kí ipò ọlọ́lá tán yàtọ̀ sí ti ọba nìkan, kí wọ́n pín ohun ìní ṣọ́ọ̀ṣì fún ará ìlú. Oòrùn mú, ó ní kí wọ́n fún òun ní omi, ó fọ ẹnu níwájú ọba, ó gba ọtí mu. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín òun àtàwọn ẹni ọba, William Walworth, olórí ìlú London, yọ idà sí i. Àwọn ọlọ́tẹ̀ ti ń fa ọrun. Ọmọ ọdún 14 náà wá gun ẹṣin lọ bá wọn, ó ní òun ni ọ̀gá wọn, kí wọ́n tẹ̀ lé òun. Wọ́n tẹ̀ lé e. Tyler tí wọ́n gbé lọ sí ilé ìwòsàn St Bartholomew, wọ́n wọ́ ọ jáde níbẹ̀, wọ́n bẹ́ orí rẹ̀.

Àwọn àjèjì ńkọ́?

Apá yìí kì í jẹ́ kí n lè pe gbogbo rẹ̀ ní akọni. Àwọn ará Flanders (ibi tó wà ní Belgium òde òní), púpọ̀ nínú wọn ahunṣọ, ń gbé London nígbà náà. Wọ́n wọ́ nǹkan bí 35 jáde nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní àdúgbò Vintry, wọ́n bẹ́ orí wọn lójú títì, òkìtì òkú wà níbẹ̀. Ìtàn kan tí wọ́n kọ lẹ́yìn náà sọ pé wọ́n ní kí ènìyàn pe búrẹ́dì àti wàràkàṣì lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ahọ́n rẹ̀ kò bá yí i dáadáa, ó bá a lọ. Àwọn aláṣọ London tó ń bá wọn du ọjà kò sunkún. Àjèjì lèmi náà nínú ìlú yìí, mi ò lè fò ó.

Kí ni wọ́n wá rí gbà?

Lójú ẹsẹ̀, ìyà. Lọ́jọ́ 2 oṣù keje ọba fagi lé gbogbo ìwé òmìnira tó fọwọ́ sí. Wọ́n pa John Ball ní St Albans lọ́jọ́ 15, wọ́n pa Grindecobbe náà. Nígbà tí àwọn ará ìlú sọ òkú àwọn èèyàn wọn kalẹ̀ láti sin wọ́n, ọba ní kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn fi ṣẹ́ẹ̀nì so wọ́n padà. Ní Norfolk, Bíṣọ́ọ̀bù Despenser fúnra rẹ̀ kó ọmọ ogun lọ bá Geoffrey Litster àtàwọn èèyàn rẹ̀ jà ní North Walsham.

Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tún dán irú owó-orí yẹn wò mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Àìtó òṣìṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1348 kò sì gba àṣẹ ọba. Onílẹ̀ tó bá le koko, àwọn èèyàn rẹ̀ ń sá lóru. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sọ iṣẹ́ ọ̀ranyàn di owó ilẹ̀, tí olóko sì ń gba ẹ̀dà ohun tí kóòtù kọ nípa ilẹ̀ rẹ̀ sọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ìwé náà ló wá ń dáàbò bò ó. Nígbà tí 1500 fi dé, villein ti ṣọ̀wọ́n. Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní dá àwọn díẹ̀ tó kù sórí ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1574.

Ṣé ìgbà kan ṣoṣo nìyẹn?

Ní 1450 àwọn ará Kent tún padà sí Blackheath, Jack Cade ló kó wọn wá. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti pàdánù Normandy, àwọn ẹni ọba ń kó owó jẹ. Ọ̀rọ̀ villein kò sí nínú ẹ̀sùn wọn mọ́ rárá, ìwà ìbàjẹ́ ìjọba ni. Cade wọ London, ó fi idà lu òkúta tí wọ́n ń pè ní London Stone pé òun ti di olúwa ìlú. Wọ́n pa á nínú oṣù keje. Ní 1497 àwọn ará Cornwall rìn láti ìpẹ̀kun ìwọ̀ oòrùn wá nítorí owó tí wọ́n bù fún ogun Scotland, alágbẹ̀dẹ kan tó ń jẹ́ Michael Joseph wà lára olórí wọn. Blackheath náà ni wọ́n ti ṣẹ́gun wọn.

Tí ìjọba tún gbé irú owó-orí kan jáde, tí ìjà sì bẹ́ ní Trafalgar Square lọ́jọ́ 31 oṣù kẹta 1990, àwọn oníwèé ìròyìn tún dá orúkọ Wat Tyler. Àwọn tiwa kan tó ti wà ní London nígbà náà ṣì ń sọ bí wọ́n ṣe ń jù létà owó-orí yẹn sí ẹ̀yìn fíríìjì.

Kí ni mo lè fi han àwọn ọmọ?

Pápá Blackheath ṣófo bó ṣe wà, ẹ lè jókòó síbẹ̀ jẹ púfú-púfú. London Stone wà ní Cannon Street, nínú àpótí gíláàsì. Àmì kan wà fún ọ̀tẹ̀ náà ní Smithfield láti 2015, kò jìnnà sí ilé ìwòsàn St Bartholomew tó ṣì ń gba aláìsàn. Tí àwọn ọmọ bá sì láyà, ẹ gbé wọn lọ sí ìlú Sudbury ní Suffolk. Inú ṣọ́ọ̀ṣì St Gregory níbẹ̀ ni agbárí Áṣíbíṣọ́ọ̀bù náà wà, nínú àpótí kékeré kan lára ògiri. Ìyókù ara rẹ̀ wà ní Canterbury.